Èsì wa sí Dókítà tó fún glass ionomer wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ ṣé tí ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tójú yín rí. Ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa kò bí wa nínú, a ò sì ní bẹ̀ yín pé kí ẹ yí i padà.

Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á bọ̀: Dókítà ra glass ionomer oníkápúsù (ohun tí a fi ń dí ihò eyín) lọ́wọ́ wa, wọ́n fi dí eyín ẹ̀yìn ọmọ ọdún méje kan, eyín àgbà tí àwọ̀ rẹ̀ ti di búráùn tó sì ń rún. Kò pẹ́ tí etí rẹ̀ fi ya. Wọ́n padà wá ra composite, ohun ìdíhò eyín mìíràn tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ eyín, òun náà ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ sì ń ké pé omi tútù ń ta òun léyín. Wọ́n wá béèrè pé, “Èwo gan-an ni kí ènìyàn rà lọ́wọ́ yín?” Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń bi wá.

Kí a tó wo páálí, ẹ jẹ́ ká wo eyín náà. Eyín ẹ̀yìn àgbà àkọ́kọ́ máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹnámẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ara líle tó bo eyín lóde, láti nǹkan bí ìgbà ìbí títí di nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló ti ń dá sára rẹ̀ nínú egungun àgbọ̀n. Bí ohun kan bá dí iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, ẹnámẹ́ẹ̀lì náà á nípọn bó ṣe yẹ, àmọ́ kò ní gbó. Èròjà líle inú rẹ̀ á dín, purotéènì á pọ̀ jù. Òun ni àwọn oníṣègùn eyín ń pè ní MIH (molar incisor hypomineralisation, ìyẹn àìgbó ẹnámẹ́ẹ̀lì eyín ẹ̀yìn àti ti iwájú) láti ọdún 2001. Ibòmíràn á funfun, ibòmíràn á yẹ́lò, ibòmíràn á di búráùn, bí àwọ̀ náà bá sì ṣe ń ṣú tó ni ibẹ̀ máa ń rọ̀ tó. Búráùn ni ti ọmọ yín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Glass ionomer ni o, composite ni o, kò sí èyí tó lè lágbára ju etí tó gbára lé lọ. Bí etí náà bá wà lórí ẹnámẹ́ẹ̀lì tó ń rún, ohun tí a fi dí i lè dúró digbí kí eyín fúnra rẹ̀ wó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ wò dáadáa: àárín ohun tí ẹ fi dí i kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Etí ló lọ, ẹnámẹ́ẹ̀lì búráùn sì ni gbogbo ibi tó lọ yẹn.

Glass ionomer ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ó ń so mọ́ kálísíọ̀mù ara eyín fúnra rẹ̀ láìlo gọ́ọ̀mù, itọ́ kì í tètè bà á jẹ́ bíi composite, ó sì ń tú fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tà á fún eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí ẹran ìdí eyín ṣì bo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́nu ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ṣùgbọ́n kò lágbára tó láti máa gbé eyín tí orí rẹ̀ ti wó lójú méjì tàbí mẹ́ta. Ìdádúró ló wà fún níbẹ̀: kí ó gbé eyín náà dé ìgbà tí ọmọ á lè jókòó fún iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kékeré kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ra kápúsù yìí: ẹ máa wo dídán rẹ̀. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ tó ń pò ó pọ̀, ojú rẹ̀ máa ń dán, ó máa ń rí bí ohun tó tutù. Ìgbà tó ń dán yẹn nìkan ló lè mú eyín. Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú ihò, á jókòó síbẹ̀, á rẹwà lójú, àmọ́ kò mú nǹkan kan. Yàrá gbígbóná máa ń tètè pa dídán náà. Ọmọ tó ń mi orí kiri náà máa ń pa á, torí ìṣẹ́jú yín á ti lọ sórí pé ẹ ń bẹ̀ ẹ́ kó lanu.

Ó wá ku composite. Òun le, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹnámẹ́ẹ̀lì tó sàn ló ń fẹ́. Lórí ẹnámẹ́ẹ̀lì tó dára, bí ẹ bá fi ásíìdì sí i, tí ẹ fọ̀ ọ́, tí ẹ gbẹ ẹ́, gbogbo ojú rẹ̀ á funfun bákan náà. Lórí èyí tí kò gbó, ásíìdì kì í jẹ ẹ́ dọ́gba, purotéènì inú rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù kò sì ní rí ibi wọ̀ dáadáa. Torí náà, bí ẹ ṣe gbẹ́ ihò náà ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó. Àwọn kan máa ń gbẹ́ títí irin ìgbẹ́yín á fi kan ibi tó le, wọ́n á dúró síbẹ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì mọ́. Àwọn mìíràn á kó gbogbo ẹnámẹ́ẹ̀lì tó ní àbùkù kúrò títí dé èyí tó sàn. Ti àkọ́kọ́ kì í jẹ eyín run púpọ̀, ti ìkejì ló ń jẹ́ kí etí composite rí ibi dúró. Fún eyín tí àbùkù rẹ̀ kéré, tó sì ní etí tó sàn yípo, ti ìkejì ni èmi á fara mọ́. Ní ti pé kí a fi sodium hypochlorite 5% nu ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó lè jẹ purotéènì kúrò, àbájáde àwọn ìwádìí kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. N ò ní tà á fún yín bí ẹni pé ó dájú.

Amálgáàmù, àdàlù fàdákà àti mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń dí eyín, ńkọ́? Kì í lẹ̀ mọ́ eyín rárá. Ògiri ihò ló ń gbé e dúró, ògiri ọ̀hún gan-an ló sì ń rún. Ó tún máa ń gbé òtútù wọ inú eyín tó ti ń ta ọmọ tẹ́lẹ̀. European Union ti dá lílo rẹ̀ dúró fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 láti oṣù Keje ọdún 2018, àfi tí dókítà bá rí i pé ó di dandan. A kì í dámọ̀ràn rẹ̀ fún irú eyín yìí.

Fún eyín tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, adé irin tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ (preformed metal crown) ni èmi á rà, Dókítà. Ó ń bo gbogbo orí eyín, kò sì béèrè bóyá etí kan sàn tàbí kò sàn. Òtútù kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, eyín náà kò sì ní máa rún sí i. Ẹ lè fi rọ́bà kékeré sáàárín eyín náà àti ìkejì rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí àyè lè ṣí, kí gbígbẹ́ má baà pọ̀. Glass ionomer onílílẹ̀ la fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín, nítorí náà ẹ̀bi kì í ṣe ti ọ̀wọ́ oògùn yẹn. Lóòótọ́, kò lẹ́wà, àwọn òbí kan á sì fajú ro tí wọ́n bá rí irin lẹ́nu ọmọ wọn. Bákan náà, kì í ṣe adé ayérayé: tí ọmọ bá dàgbà tán, ẹ máa fi adé mìíràn rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọmọ jẹun.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ tu eyín náà lójú. Inú irú eyín bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wú, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kò fi tètè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fánníìṣì sodium fluoride 5% tí a máa ń kùn sára eyín wà, ìpara CPP-ACP náà wà. Purotéènì wàrà màlúù ni wọ́n fi ṣe ìpara náà, ẹ bi òbí léèrè bóyá ara ọmọ kọ wàrà. Silver diamine fluoride 38%, oògùn olómi kan, máa ń dín títa eyín kù, àmọ́ ó ń sọ ibi tó bà jẹ́ di dúdú kirikiri. Ẹ sọ ọ́ fún òbí kí ẹ tó ṣí ìgò.

Nígbà mìíràn sì rèé, ohun tó yẹ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù wa. Eyín tó ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe, ó lè dára jù kí a yọ ọ́ nígbà tí ọmọ bá wà láàárín ọdún 8 sí 10, nígbà tí àwòrán X-ray bá fi hàn pé gbòǹgbò eyín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pínyà, kí ìyẹn lè sún wá sí àyè rẹ̀. Ẹ fi lọ oníṣègùn tó ń to eyín kí ẹ tó pinnu. Ọmọ yín ṣì jẹ́ ọdún méje, ẹ ní àkókò láti rò ó.

Ní ti owó yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju páálí kápúsù náà nù. Ẹ fi nọ́ḿbà ìṣelọ́pọ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ránṣẹ́ sí wa nínú àpótí ìfìránṣẹ́ ọjà, a ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tó bá jẹ́ pé oògùn ló ní àlébù, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ adé irin, ẹ wọn eyín náà láti iwájú dé ẹ̀yìn kí ẹ tó béèrè, torí ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti eyín ọmọdé, a kì í sì í gba èyí tí wọ́n bá ti fi dánwò lẹ́nu padà.