Èsì sí Dókítà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí òṣùwọ̀n

Ẹ ṣeun, Dókítà, tí ẹ ráyè kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù wa tó ń tún bàálù kéékèèké ṣe. A rí ìràwọ̀ kan náà gbà.

Ohun tí ẹ kọ ni pé ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wa bèèrè bí ẹ ṣe wúwo tó àti bí ìyàwó yín ṣe wúwo tó, pé a ní ọ̀sẹ̀ kan la ó fi ṣe bàálù Cessna 182 yín, a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é, àti pé aṣọ òtútù tí a tà fún yín (èyí tí kì í jẹ́ kí omi òkun tútù kan ara ẹni tó bá já sómi) kò wọ̀ yín. Ọmọbìnrin náà tún pè yín ní "Ọ̀gbẹ́ni". Ìyẹn, ó ti tọrọ àforíjì. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bá wa rajà lọ́la gbọ́ bó ṣe rìn.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta lẹ pè wá. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé ìyàwó yín lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò yín ní London nínú oṣù Keje, pé ẹ ó gbéra ní Goose Bay ní Kánádà, ẹ ó balẹ̀ ní Narsarsuaq ní Greenland, ẹ ó gba Reykjavik wọ Scotland. Inú wa dùn. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọmọ Yorùbá ń pè wá ní Houston níbí pé òun fẹ́ fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan sọdá Àtìláńtíìkì. Ọmọbìnrin yẹn mú bírò, ó bèèrè ohun tí a máa ń bèèrè lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Bàálù yìí kò gbọdọ̀ wúwo ju 3,100 pọ́n-ùn lọ nígbà tó bá ń gbéra. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀. Ti Dókítà, lófìfo, jẹ́ 2,000. Epo tó ṣeé lò nínú apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ gálọ́ọ̀nù 87, gálọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ pọ́n-ùn 6, ìyẹn 522. Ṣé gálọ́ọ̀nù 87 gbé wọn dé Greenland? Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn wọn, ó gbé wọn débẹ̀. Goose Bay sí Narsarsuaq lé ní 650 nautical mile, ìyẹn máìlì tí àwọn awakọ̀ òkun àti ti òfuurufú ń lò. Bàálù náà ń sá tó 140 irú máìlì bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan, ó ń mu bíi gálọ́ọ̀nù 13. Bíi wákàtí márùn-ún ni ìrìn náà, epo wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sì wà nínú ẹ̀. Ó dùn létí. Àmọ́ kí atẹ́gùn tó ń sá 30 ní wákàtí kan ṣáà dojú kọ wọ́n, wákàtí mẹ́fà ti kọjá kí wọ́n tó yọ sí etí ilẹ̀, epo bí ìdajì wákàtí ló kù, pápá bàálù sì wà ní kọ̀rọ̀ láàárín òkè, níbi tí ìkùukùu lè bò. Ibo ni wọ́n ó yà sí?

Ìdí tí a fi ní kí ẹ gba táǹkì gálọ́ọ̀nù 30 sínú ọkọ̀ nìyẹn. Pọ́n-ùn 180 tún lọ. Ó ku 398 fún èèyàn méjì, ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ó wọ̀ bí bàálù bá já sómi, aṣọ òtútù méjì, táǹkì fúnra rẹ̀, àti aṣọ ẹbí tí ẹ ní ẹ ó kó dání. Ẹ ò ha rí i pé ó yẹ ká bèèrè? Ìyàwó yín sọ tiwọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà sọ tiyín. A kọ méjèèjì sílẹ̀, a fi wọ́n ra aṣọ, a sì fi wọ́n wá ibi tí táǹkì yóò jókòó sí.

Ọjọ́ 11 lẹ gbé bàálù wá. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láti ayé Nigeria Airways ní Ìkẹjà, kì í sì í gba ohun tí kò bá fojú rí. Ó ní kí ẹ gorí òṣùwọ̀n. Ohun tí òṣùwọ̀n sọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ yẹn la dá iṣẹ́ dúró, a tún gbogbo ìṣirò ṣe, a dín táǹkì kù, a fi ọkọ̀ rọ́bà tó fúyẹ́ pààrọ̀ èyí tí ẹ ti sanwó ẹ̀. Aṣọ òtútù tó dé ní ọjọ́ 13 jẹ́ ìwọ̀n ẹni tí ẹ sọ pé ẹ jẹ́. Àwa náà rí i pé kò wọ̀ yín.

Kì í sì í ṣe àwa la ṣe òfin aṣọ òtútù. Kánádà kò gbà kí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan kọrí sí òkun láti ọ̀dọ̀ wọn bí kò bá sí aṣọ náà fún gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú rédíò HF tó ń gbóhùn dé ọ̀nà jíjìn àti epo àlékún. Wọ́n mọ omi ibẹ̀. Kì í pẹ́ tí ọwọ́ èèyàn fi ń kú nínú ẹ̀, ọwọ́ tó ti kú kò sì lè fa okùn ọkọ̀ rọ́bà.

Ọkọ̀ rọ́bà yẹn náà, ẹ fẹ́ kí a tì í sẹ́yìn táǹkì, sábẹ́ àpótí aṣọ, kí inú ọkọ̀ lè rí mọ́ nínú fọ́tò. Ọ̀gá mẹkáníìkì kọ̀. Cessna yín kì í ká ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ sókè. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá kọ́kọ́ kan omi, ọkọ̀ lè dorí kodò. Ta ni yóò wá máa wá nǹkan lẹ́yìn táǹkì nínú òkùnkùn? Ẹ̀yìn àga ìyàwó yín ló wà báyìí, níbi tí ọwọ́ wọn tó o.

A tún tú ìdí bàálù, a bá ELT àtijọ́ níbẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ké pe olùgbàlà tí bàálù bá já), èyí tó ń ké lórí 121.5 megahertz. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì kò ti tẹ́tí sí ìyẹn mọ́. A fi ti 406 megahertz rọ́pò ẹ̀, a bá yín forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé a gbowó ìforúkọsílẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rìsíìtì yín wò. Òdo ló wà níbẹ̀.

Ẹ ní Ademilola Odujinrin, awakọ̀ bàálù ọmọ Nàìjíríà, fi bàálù kékeré yí ayé ká, ó parí ẹ̀ ní 2017, kò sì sẹ́ni tó fi òṣùwọ̀n dà á láàmú. Ọmọ wa ni, orí wa wú. Àmọ́ bàálù Cirrus SR22 ló gbé, èyí tó ní páráṣúùtù tó ń gbé odidi ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Tiyín kò ní. Òun nìkan ló sì wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn jẹ́ ẹ̀bi wa: páìpù tí wọ́n kó wá fún wa kì í ṣe irú tí a fẹ́, a ò sì tètè pè yín. A ti bẹ̀bẹ̀. Ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní ó "ti ṣí tẹ́lẹ̀", ẹ̀yin lẹ fa okùn ẹ̀ níwájú káńtà, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́.

Síbẹ̀, aṣọ òtútù tuntun ti dé, ọ̀fẹ́ ni. Agolo gáàsì tó ń fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀fẹ́. A ti háyà odò ìwẹ̀ kan ní Sátidé tó ń bọ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì lè fi aṣọ náà gun ọkọ̀ rọ́bà bí ẹni tó já sómi. Ìrẹsì àti adìyẹ ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, owó wa ni. Ẹ kàn ní láti kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì kọjá, Dókítà. Òṣùwọ̀n ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.