Orúkọ Tí Mo Fi Ń Tajà Kọ́ Ni Mo Fi Ń Ṣílẹ̀kùn

Ọkùnrin tó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan mọ ilé tí wọ́n ti bí ìyá mi. Ó mọ ọjọ́ ìbí mi. Ó mọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ni, torí "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà" ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó sọ pé láti báńkì lòun ti ń pè. Ó ní wọ́n fẹ́ tún àkáǹtì mi ṣe, kí n jọ̀ọ́ bá òun ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Mo wà ní ìsọ̀ mi ní Gbági, oníbàárà méjì ń yẹ léèsì wò níwájú mi. Mo kà á fún un.

Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ò kan báńkì kankan. Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp mi ni. Kí n tó ka owó léèsì tán, ó ti wọlé, ó ti ń fi orúkọ mi àti fọ́tò mi kọ̀wé sí ẹbí àti oníbàárà pé mo wà nílé ìwòsàn, kí wọ́n ṣàánú mi. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọjà'ba, fi ₦40,000 ránṣẹ́. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni. Mo ti san án padà fún wọn, ṣùgbọ́n bí ohùn wọn ṣe ń gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ń bi mí pé ṣé ara mi ti yá, kò tíì kúrò létí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo ń rò ó: ibo ló ti rí mi mọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwa fúnra wa la fún un. A tẹ pósítà ìsìnkú ìyá, gbogbo wa gbé e sórí Facebook àti status. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí wọn wà níbẹ̀, orúkọ àwa ọmọ àti ti ọmọ-ọmọ tò tẹ̀léra wọn, títí kan ọkọ àti aya ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo pé àádọ́ta ọdún, èmi ni mo ya àwòrán pẹ̀lú kéèkì tí wọ́n kọ 50 sí lórí. Nọ́ńbà fóònù mi wà lára gbogbo aṣọ tí mo bá ti yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin yẹn ò fọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣa ohun tí a dà sílẹ̀ ni, ó sì ń tò ó pọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwa Yorùbá ti ní ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ mi ní Bẹẹrẹ, kò sí ọmọ tí mo bá nílé tí mo pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ̀kan ní Akọ̀wé, mo sọ ọ̀kan ní Ìbàdíàrán, ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Akọ̀wé ò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, mẹkáníìkì ni, síbẹ̀ Akọ̀wé ni mò ń pè é títí dòní. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé irọ́ ni mo pa. Orúkọ tí ìyàwó ilé ń peni wà, ti ìwé wà, ti ẹgbẹ́ wà, oríkì tí ìyá fi ń jíni sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣe pè ọ́ lo fi ń mọ ibi tó ti mọ̀ ọ́. Mo ní oríkì, mi ò sì ní í kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, a kó gbogbo orúkọ wọ̀nyí sínú igbá kan ṣoṣo, a gbé e sí gbàgede.

Mi ò lè fara pamọ́ o. Ọjà ni mò ń tà, ẹni tó ń tajà ò lè máa sá fójú ọjà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya ẹni tí ayé mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí báńkì mọ̀. Nọ́ńbà kan wà lára pátákó ìsọ̀ àti lára aṣọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè pè é. Nọ́ńbà kejì, òun ni mo so mọ́ báńkì, ọkọ mi àtàwọn ọmọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ímeèlì náà di méjì. Àkáǹtì tí oníbàárà ń sanwó sí, mi ò jẹ́ kí owó sùn síbẹ̀. Orúkọ ìsọ̀ ló wà lójú Facebook mi báyìí, mo sì fi orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà níbẹ̀ pamọ́, torí ibẹ̀ ni olè ti ń mọ ẹni tó máa lọ bẹ̀ fún owó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí WhatsApp. Ààbò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní two-step verification. Ìwọ fúnra rẹ lo máa yan PIN oní nọ́ńbà mẹ́fà, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ká ní mo ti ṣe é ni, èyí tí mo kà fún ọkùnrin yẹn nìkan ò ní í tó fún un láti wọlé. Èmi ò ṣe é, òun ló bá mi ṣe é. Nígbà tí ọmọ mi fi nọ́ńbà mi wọlé padà, olè já dànù lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n PIN tirẹ̀ ti wà níbẹ̀, mo sì ní láti dúró fún ọjọ́ 7 kí n tó lè lò ó. Ọjọ́ 7 nígbà tí Iléyá ń bọ̀! Ẹni tó bá ń ta aṣọ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Account, ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ sì fi ímeèlì yín sí i.

Àwọn ìbéèrè tí báńkì àti ímeèlì máa ń béèrè ńkọ́? "Kí ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ?" Ní Ìbàdàn yìí, tí a ń fi agboolé ara wa ṣe ìkíni! Ìdáhùn tí mo kọ síbẹ̀ báyìí kì í ṣe orúkọ ènìyàn rárá. Ó wà nínú ìwé kékeré kan nínú àpótí mi. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí ìdáhùn yẹn jẹ́ òótọ́, kó ṣáà ti jẹ́ ohun tí ìwọ nìkan mọ̀.

Mo tún ti PIN mọ́ síìmù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó bá já fóònù gbà ní Ìwó Road má lè yọ ọ́ lò nínú fóònù mìíràn.

Ọ̀rọ̀ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wa, ló ń bà mí lẹ́rù jù fún àwọn ọmọ wa. Ẹ rìn dé Agbowó, níwájú Yunifásítì, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fi NIN àti ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó fẹ́ bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba ìwé, wọ́n sanwó, wọ́n lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ dúró kó pa á rẹ́ lójú yín. Láti ọdún 2022 ni NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ti gbé NIN onígbà díẹ̀ jáde, àmì 16 tí kì í ju wákàtí 72 lọ, kéèyàn má baà máa fún gbogbo ayé ní nọ́ńbà 11 tó máa bá a dé ọjọ́ alẹ́. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹni tó ń gba ìwé wa ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ bi wọ́n. Kì í ṣe àfojúdi.

Ọmọkùnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ní, "Mà, ẹni tí ò ṣe ibi, kí ló ń fi pamọ́?" Mo ní kó ṣí àpótí owó rẹ̀ kí n wò ó. Owó olè kọ́ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Mo sì sọ fún un pé ẹni tó fi orúkọ àti àwòrán ẹlòmíràn gba owó yàtọ̀ sí ẹni tó fi orúkọ ìsọ̀ bo ara rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì mú un. Tèmi, ilẹ̀kùn ni mo tì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ̀wé sí Ìyá Ọjà'ba pé mo ra oògùn wọn. Wọn ò fèsì. Nígbà tó yá, fóònù dún. Wọn ò kí mi, wọ́n ní, "Kí ni ìyá rẹ máa ń pè mí nígbà tá a wà lọ́mọdé?" Orúkọ yẹn ò sí lára pósítà kankan. Mo sọ ọ́ fún wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí.