Afọ́páìpù nìkan kọ́ ló ń dáná sun wá

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Kí páìpù epo ṣáà ti gbiná níbikíbi ní Nàìjíríà, ohun tá a máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn afọ́páìpù ni. Wọ́n wà lóòótọ́, mi ò sì gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ta ló fọ́ ti Ìjẹ̀gùn, l'Ékòó, lọ́jọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008? Katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ni. Ẹni tó ń wà á kò wá jí epo, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ń ṣe. Ẹ̀mí ṣòfò rẹpẹtẹ.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, páìpù epo tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, ìpínlẹ̀ wa yìí ló là kọjá. Àwọn kan á ní epo kì í sábà gbabẹ̀ mọ́. Páìpù tí kò ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí páìpù tó ṣófo o! Ìwọ̀nba epo àti oru rẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tó í gbiná.

Àwọn ẹnjiníà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní process safety management, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí ohun eléwu jò, kó gbiná tàbí kó bú gbàù. Amẹ́ríkà sọ ọ́ dòfin fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo kẹ́míkà eléwu lọ́dún 1992, kókó 14 ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣíborí àti bàtà kọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé bí ohunkóhun bá yí padà, ẹ dúró, ẹ tún ewu rẹ̀ yẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Nínú ilé-iṣẹ́, fáàfù tuntun lè jẹ́ ìyípadà. Ti páìpù yàtọ̀: orí ilẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà. Oko ni nígbà tí wọ́n rì í. Ọmọ onílẹ̀ gé ibẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì, ẹnì kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wẹ́dà ṣí ṣọ́ọ̀bù. Páìpù kan náà ni, ewu rẹ̀ ti di òmíràn, kò sì sẹ́ni tó tún un yẹ̀ wò.

Ẹ wo ti páìpù epo ìlú Bellingham, ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ omi ló ṣe páìpù náà léṣe lọ́dún 1994. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó ń gba inú páìpù kọjá rí i pé nǹkan ń ṣe ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ni páìpù náà kò gbẹ́ ẹ wò. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1999 ló bẹ́. Pẹtiróòlù ṣàn sínú odò, ó gbiná, ó sì pa ọmọ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18. Afọ́páìpù kankan kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí: kí àwòrán ibi tí páìpù gbà wà ní káńsù tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí púláànù ilé, kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àti baálẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Kí agbaṣẹ́ṣe má gbẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀ àfi bí ẹni tó ni páìpù bá rán èèyàn wá dúró tì í. NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó páìpù àti títa epo, tí òfin epo ọdún 2021 dá sílẹ̀, ló yẹ kó mójú tó èyí. Kí ẹni tó bá sì ṣèèṣì fi irin kan páìpù lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù ọlọ́pàá, torí bí wọ́n bá ti ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ mọ́lé, ẹnì kejì á kàn da yẹ̀pẹ̀ bò ó, á sì bá tiẹ̀ lọ.