"Goy" kì í ṣe ẹran ọ̀sìn

Wọ́n tún ti fi ohùn kan ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp ìjọ wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń pariwo pé bí Júù bá pe èèyàn ní "goy", ẹran ọ̀sìn ló pè é. "Háà!" làwọn ará fi ń dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí màá gbọ́ ọ, ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 12:2. Olúwa ní òun ó sọ Ábúrámù di orílẹ̀-èdè ńlá. "Goy gadol" ló wà níbẹ̀ lédè Hébérù: goy ni orílẹ̀-èdè. Ẹ́kísódù 19:6 pe Ísírẹ́lì fúnra wọn ní "goy kadosh", orílẹ̀-èdè mímọ́. Àbí ẹran ọ̀sìn mímọ́ ni? Ti Rèbékà ló dùn mọ́ mi jù, nígbà tí àwọn ìbejì ń ta gìrì nínú rẹ̀. Olúwa ní goyim méjì ló ń bẹ nínú rẹ̀, ìyẹn orílẹ̀-èdè méjì. Jékọ́bù, tó padà di Ísírẹ́lì, sì ni ọ̀kan nínú wọn!

Ẹnu àwọn rábì, lẹ́yìn ìgbà Bíbélì, ni goy ti wá di ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe Júù. Ibẹ̀ ló gbà wọ inú Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà oòrùn Yúróòpù. Mi ò ní parọ́, wọ́n máa ń fi bú èèyàn. "Goyisher kop", orí goy, olódo ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Àmọ́ ohùn ló ń sọ ọ́ di èébú, bí "ará oko" ṣe rí lẹ́nu tiwa. Nígbà tí Colin Powell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, wà lọ́mọdé ní Bronx nílùú New York, ó máa ń bá àwọn Júù tan iná sínágọ́gù wọn lọ́jọ́ Sábáàtì, nítorí òfin ẹ̀sìn wọn kò gbà wọ́n láyè láti tàn án. "Shabbos goy", goy ọjọ́ Sábáàtì, ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ń fún un lówó, kò sẹ́ni tó bú u.

Bó bá jẹ́ èébú lẹ fẹ́ rí, "shiksa" ni kẹ́ ẹ mú, èyí tí wọ́n ń pe obìnrin tí kì í ṣe Júù. Inú "sheketz" ló ti wá, ìríra, ọ̀rọ̀ tí Léfítíkù 11 lò fún ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Ìyẹn ò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Tiwa wá ńkọ́? Pọ́ọ̀lù ní àpósítélì àwọn "ethne" lòun, orílẹ̀-èdè náà ni lédè Gíríìkì. Bíbélì Yorùbá kọ ọ́ ní "Kèfèrí". Lárúbáwá ló bí ọ̀rọ̀ yẹn, "kāfir", aláìgbàgbọ́. Ẹ pe ẹnì kan ní kèfèrí lọ́jà lọ́la, kẹ́ ẹ wò ó bóyá yóò dúpẹ́.

Mo kọ gbogbo èyí sínú gúrúùpù náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fídíò míì bò ó.