Áńgẹ́lì tó ń fo ilé méjì ò ní há o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé nínú géèmù tí Conway, onímọ̀ ìṣirò, gbé jáde, níbi tí áńgẹ́lì ti ń fò káàkiri bọ́ọ̀dù tí Sátánì sì ń wá bó ṣe máa há a mọ́, Sátánì ló máa borí áńgẹ́lì ṣáá torí pé gbogbo ìgbà tó bá ti kàn án ló ń jẹ ilé kan lórí bọ́ọ̀dù, tí áńgẹ́lì ò sì ní lè dúró síbẹ̀ mọ́, ẹ rọra ná. Áńgẹ́lì tí ò lè kọjá ilé kan lẹ́ẹ̀kan nìkan lẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn. Èyí tó lè fò dé ilé kejì, tó bá ṣáà ti mọ̀ ọ́n ta, kò sẹ́ni tó máa há a mọ́ láéláé, ó kúkú lè fo ilé tí wọ́n ti jẹ kọjá, bọ́ọ̀dù ọ̀hún ò sì lópin. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Máthé àti Kloster, ti prúùfù ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi ìṣirò hàn pé òótọ́ ni, ní 2006, kálukú lọ́tọ̀. Àfi èyí tó bá yarí pé òun ò ní padà sẹ́yìn rárá, ìyẹn á há dandan, bó ti wù kó lágbára tó.