Ṣé lóòótọ́ ni Ọ̀run Móoru parí iṣẹ́ Bàbá Sàlá?

Níbikíbi tí àwọn àgbà bá ti dárúkọ Olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ìtàn kan náà ni ẹ ó gbọ́: pé ó kó gbogbo ohun tó ní lé orí fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, pé àwọn olè jí i dà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, pé gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àti pé láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lè ṣe ohunkóhun mọ́ títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2018. Ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣèdárò rẹ̀ nígbà tó kú, òun náà ni wọ́n sì fi ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ ṣe fíìmù. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà jẹ́ òótọ́. Ìparí rẹ̀, èyí tó ní iṣẹ́ ọkùnrin náà tẹnu bodò níbẹ̀, kì í ṣe òótọ́.

N kò ní fojú kéré ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ọlá Balógun ló darí Ọ̀run Móoru, ẹni tó ti darí Àjànì Ògún ní ọdún 1976, Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ ló sì ni owó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àdánù náà ṣe pọ̀ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí fíìmù ṣe ń pawó nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó ń tà á láwo, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀, iye owó ẹ̀dà kan kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ju díẹ̀ lọ. Olówó fíìmù á wá gbé ẹ̀dà náà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tàn án sínú ọkọ̀, á gba gbọ̀ngàn láti ìlú dé ìlú, á jókòó ti ẹnu ọ̀nà, á sì máa gba owó ìwọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn onítíátà ti ń ṣe kí fíìmù tó dé. Gbogbo èrè, ẹnu ọ̀nà yẹn ló ti ń wọlé. Bí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá sùn sí ọwọ́ tí kò yẹ fún alẹ́ ọjọ́ kan péré, tí wọ́n sì rí ẹ̀rọ fi gbé e sórí fídíò, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe, nítorí ẹni tó ti wo fíìmù nínú yàrá ara rẹ̀ kò tún ní tò síta gbọ̀ngàn. Òfin tó sì yẹ kó gbèjà rẹ̀ kò léyín: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 1970 ni a ṣì ń lò, ìjìyà inú rẹ̀ kò ba olè lẹ́rù, ọdún 1988 ni ìjọba ológun tó gbé Òfin Kẹtàdínláàádọ́ta jáde láti fi rọ́pò rẹ̀. Ó mà ṣe o, pé ọkùnrin tí àwọn gbájúẹ̀ lù ní jìbìtì ni ìtàn inú fíìmù náà dá lé lórí.

Owó wọ́nú iná, gbèsè sì kù sílẹ̀. Títí débẹ̀, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1983, kí ariwo Ọ̀run Móoru tó rọlẹ̀ rárá, Bàbá Sàlá gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde. Ní ọdún 1985 ó gbé Moṣebọ́látán jáde, Adéyẹmí Afọláyàn, ìyẹn Adé Love, ló darí rẹ̀. Moṣebọ́látán yìí ni àwọn tó kọ ìtàn sinimá ilẹ̀ wa máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ fíìmù tó pawó láyé ìgbà náà: ₦107,000 ni wọ́n ní ó pa láàárín ọjọ́ 5, nígbà tí náírà ṣì lágbára ju dọ́là lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ní 1982 kọ́ ni èrò ń wọ́ tọ̀ ní 1985.

Mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ fíìmù yẹn, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn ìparun yìí kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Tú u palẹ̀: Mo ṣe bí ọlá tán. Orúkọ tí ìdílé máa ń sọ ọmọ ni, nígbà tí wọ́n bá rò pé ọlá ilé ti kógbá wọlé, tí wọ́n sì rí i pé ó kù. N kò lè búra pé tìtorí àwọn olè Ọ̀run Móoru ni Bàbá Sàlá ṣe mú orúkọ náà. Síbẹ̀, kí ẹni tí ayé ti ń ṣèdárò rẹ̀ ní ojú ayé rẹ̀ wá kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sára pátákó ìpolówó, alawada gidi ló lè dán an wò.

Kí wá ló dé tí fíìmù rẹ̀ fi wọ́n lẹ́yìn náà? Ohun tó ṣe é ló ṣe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá olè tan. Ní ọdún 1985, kọ́bọ̀ 89 tàbí kó lé díẹ̀ ni à ń fi ra dọ́là kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà owó òkèèrè sílẹ̀ lábẹ́ ètò SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, nígbà tó sì di ọdún 1987, nǹkan bíi náírà 4 ni dọ́là kan. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra fíìmù tútù tí wọn kò tíì ya àwòrán sí, dọ́là náà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lókè òkun, bẹ́ẹ̀ náírà ni òǹwòran ń san lẹ́nu ọ̀nà. Hubert Ògúndé pàápàá, baba gbogbo onítíátà Yorùbá, tó gbé Ayé, Jáyésinmi àti Àròpin N Tènìyàn jáde láàárín 1979 sí 1982, ọdún 1988 ló tó tún gbé Àyànmọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtijáde lálẹ́, àwọn ilé sinimá sì ń di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí.

Bàbá Sàlá kò sì jókòó máa sunkún fíìmù. Nígbà tí fídíò, ohun tí wọ́n fi jà á lólè gan-an, di ọ̀nà oúnjẹ fún àwọn òṣèré, òun náà bá wọn gbé e. Àgbà Man jáde ní 1992, Return Match tẹ̀ lé e ní 1993, Àna Gómìnà sì dé ní 1996. Bí ẹnikẹ́ni bá ní wọn kò dára tó ti àtijọ́, a lè jókòó jiyàn ìyẹn, nítorí èmi pàápàá fẹ́ràn ti àtijọ́ jù. Àmọ́ ọdún 14 ló wà láàárín 1982 àti 1996.

Àṣìṣe mìíràn tún wà lábẹ́ èyí, ìyẹn ni kí a máa rò pé fíìmù ló gbé e ga, kó lè jẹ́ pé fíìmù ló gbé e ṣubú. Olórin háíláìfù ni kó tó di aláwàdà. Òun ló ni ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies, níbi tí Sunny Adé ti ń ta gìtá ní ọ̀dọ́, kó tó lọ dá Green Spots sílẹ̀ ní ọdún 1967. Orí ìtàgé àti tẹlifíṣàn Ìbàdàn, WNTV tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1959, ni Ẹgbẹ́ Aláwàdà, ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ máa ń fi ẹ̀fẹ̀ sínú eré wọn bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bàbá Sàlá ló sọ ẹ̀fẹ̀ di odidi oúnjẹ. Kí ó tó la ẹnu ni èrò ti ń rẹ́rìn-ín: férémù awò ojú tó tóbi ju ojú lọ, táì onílabalábá tó bo àyà, aago ògiri tó fi kọ́ ọrùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ iye wákàtí tí òun fi ń hahun. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó lè jí ìyẹn dà kọ.

Mo mọ bí ìtàn náà ṣe wọ ilé tiwa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kásẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí kò ní páálí, wọ́n fi báírò kọ BABA SALA sára bébà funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àwòrán inú rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn wọn ń dún bíi pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, òjìji orí ẹnì kan sì wà nísàlẹ̀ àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀run Móoru ni. Bí ó bá ti parí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi á mí kanlẹ̀, á ní, “Àwọn olè yìí mà ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́ o, kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́.” Á wá yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, á fi ọwọ́ nù ún, á dì í sínú ọ̀rá, á sì fún mi pé kí n sáré gbé e fún alábàágbé wa tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti àárọ̀ pé òun fẹ́ yá a wò.