Ológbò tó la ẹnu yẹn ò rẹ́rìn-ín o

Lọ́sàn-án àná ni Àǹtí mi kan ní Ìkòròdú fi fọ́nrán ológbò wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ológbò Persian ni, ìyẹn ìran ológbò onírun gígùn, aláwọ̀ eérú, irun rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó jókòó sórí àga pálọ̀, ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín!"

Mi ò tiẹ̀ kọ èsì. Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lórí àga yẹn. Ẹ gbé e lọ sí bálùwẹ̀, kó dùbúlẹ̀ sórí táìlì, kẹ́ ẹ fi omi ra ẹsẹ̀ rẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ajá la mọ̀ mọ́ kó la ẹnu máa mí bí ooru bá mú. Ti ológbò ò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ológbò ti ń làágùn, ìyẹn náà ò sì tó nǹkan. Lílá ló máa ń lá ara rẹ̀, itọ́ yẹn á gbẹ, ara rẹ̀ á tutù díẹ̀. Bí ẹ bá wá rí i tó ń mí bí ajá láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ara ológbò tó wà lálàáfíà máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti kọjá 40, ewu ti dé. Persian tún wá jẹ́ onímú pẹlẹbẹ, ihò imú rẹ̀ kéré, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, èémí tí ìbá fi tu ara rẹ̀ lára gan-an ò ráyè kọjá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé ká fá irun irú ológbò bẹ́ẹ̀ nítorí ooru. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún kejì tí mo ra Òwú, ológbò Persian tèmi, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, ó fi kilípà fá a mọ́ awọ. Òwú sì fẹ́ràn kó máa yáàrùn lójú fèrèsé. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, awọ rẹ̀ ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Irun tí mo rò pé ó ń dá a lóró ni aṣọ tí kò jẹ́ kí oòrùn rí i bá jà. Ológbò funfun ni, bẹ́ẹ̀ etí àti imú ológbò funfun lè ní àrùn jẹjẹrẹ bí oòrùn bá ń pa á lọ́dọọdún. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹranko yẹn lójoojúmọ́ títí irun rẹ̀ fi hù padà.

Irun tó ti kú tí kò rọ́nà jáde ni wàhálà. Ìpele méjì ni irun Persian: ti òkè gùn, ti abẹ́ rọ̀ múlọ́múlọ́. Ti abẹ́ yìí ló máa ń já, tí á lọ́ mọ́ra lábíyá, lẹ́yìn etí àti nínú itan, títí á fi ki pọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Atẹ́gùn ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ kókó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó rí i bó ṣe gbóná tó sì ń rin. Lálaalẹ́ ni mo máa ń ya irun Òwú fún ìṣẹ́jú 15. Òòyà onírin tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó mú èyí tí eyín rẹ̀ súnmọ́ra. Nínú oṣù Èrèlé, irun tó ń bá òòyà jáde lálẹ́ ẹyọ kan máa ń kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Kókó tí òòyà ò bá lè tú, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko bá yín yọ ọ́.

Ẹ ó ní iná ò sí. Mo mọ̀. Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wà lókùnkùn ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, fáànù dákẹ́. Àmù màmá mi ló gba Òwú sílẹ̀. Omi inú àmù máa ń rin jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, bí atẹ́gùn bá ṣe ń gbẹ ẹ́ lóde ni ti inú á máa tutù. Òwú na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì, ó fẹ̀yìn ti àmù náà, kò kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Látìgbà náà, àwo amọ̀ ni mo fi ń fún un lómi, níbi mẹ́ta, mi ò sì gbé ìkankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣí fèrèsé kalẹ̀ nílé alájà nítorí ooru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tó lágbára sí i kó má baà já bọ́.

Mo fẹ́ pariwo eléyìí: bí ara ológbò bá gbóná, ẹ má fún un ní parasitámọ́ọ̀lù. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lè yanjú oògùn yẹn bíi tiwa. Hóró kan ṣoṣo lè pa á. Erìgì rẹ̀ á ṣú, ojú rẹ̀ á wú, èémí á dá a lágara. Omi lásán ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi yìnyín, torí òtútù òjijì á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀, ooru á sì há sínú. Ẹ la irun náà kí omi lè dé awọ. Ẹ má da táwẹ̀lì tútù bò ó kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi gbóná mọ́ ọn lára. Ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ ti ń rìn.

Èrò ọkàn mi nìyí: ẹni tí kò lè fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ lálaalẹ́, kó má ra onírun gígùn. Ológbò ilẹ̀ wa onírun kúkúrú wà, ooru wa ti mọ́ ọn lára, ó sì ń wá ilé. Bẹ́ ẹ bá sì máa rà á, ẹ má gbà kí wọ́n gbé e wá fún yín lọ́sàn-án gangan. Inú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa, nínú búùtù ọkọ̀ láti Èkó, ni ẹni tó ta Òwú fún mi gbé e wá. Nígbà tí mo ṣí i, itọ́ ti rin gbogbo àyà rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni.

Nígbà tó di aago márùn-ún, Àǹtí pè mí padà. Dókítà ti yẹ ológbò náà wò, ológbò ti pa ẹnu dé, ó ti lá omi. Wọ́n ní kí n fi àwòrán òòyà méjèèjì ránṣẹ́.